Awẹ́ Inú Irúgbìn àti Ìpín Àwọn Ewéko Olódòdó

Bí a bá rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú, tí a sì bó èèpo rẹ̀, yóò là sí méjì lọ́gbọọgba. Àgbàdo kì í là bẹ́ẹ̀, bí ó ti wù kí ó pẹ́ nínú omi tó. Ìyàtọ̀ kékeré yìí ni àwọn onímọ̀ fi pín gbogbo ewéko olódòdó sí ọ̀nà méjì fún ìgbà pípẹ́. John Ray, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìpín náà kalẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1682. Ohun tí ó là sí méjì nínú ẹ̀wà kò yàtọ̀ sí awẹ́ obì: ewé àkọ́kọ́ ni, tí ó ti wà nínú irúgbìn kí ó tó hù. Nítorí náà, a lè pe irú àgbàdo ní aláwẹ́-kan, kí á sì pe irú ẹ̀wà ní aláwẹ́-méjì.

Àwọn àmì mìíràn a máa bá iye awẹ́ rìn. Lára aláwẹ́-kan ni ìrẹsì, ọ̀gẹ̀dẹ̀, àlùbọ́sà àti ọ̀pẹ wà. Iṣan ewé wọn sábà máa ń lọ gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ̀yà òdòdó wọn a máa jẹ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Gbòǹgbò wọn a sì rí bí irùngbọ̀n, láìsí olórí láàrin wọn. Ní ti aláwẹ́-méjì, bí ilá, mángòrò àti ìrókò, iṣan ewé wọn ta kókó bí àwọ̀n. Ẹ̀yà òdòdó wọn sábà jẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Gbòǹgbò kan a sì wọlẹ̀ ṣánṣán ju ìyókù lọ. Ìrókò a máa sanra sí i bí ọdún ti ń gorí ọdún, ṣùgbọ́n ọ̀pẹ kì í sanra bẹ́ẹ̀, gíga ni ó ń ga.

Síbẹ̀, àmì kan ṣoṣo kò tó ṣe ìdájọ́. Iṣan ewé iṣu ta kókó bí àwọ̀n, bẹ́ẹ̀ aláwẹ́-kan ni iṣu, òdòdó rẹ̀ sì ń jẹ́rìí sí i. Obì àbàtà tí a ń pa a máa ní awẹ́ mẹ́rin, nígbà mìíràn mẹ́ta tàbí márùn-ún, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ àwọn ìbátan ilá ni ó wà. Ẹni tí ó bá ka awẹ́ nìkan yóò ṣìnà.

Ní ọdún 1998, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kan gbé ìpín tuntun jáde. Ohun àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi wá ìran ewéko kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rí i pé ìran kan ni gbogbo aláwẹ́-kan, ṣùgbọ́n aláwẹ́-méjì kì í ṣe ọmọ bàbá kan náà. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, tí ó tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gbogbo ewéko olódòdó, ni a fi ojú mẹ́ta tí ó wà lára lẹ́búlẹ́bú òdòdó wọn dá mọ̀. Ẹ̀wà, ilá àti obì wà níbẹ̀. Èèrù, iyèré àti píà wà ní ẹ̀ka mìíràn. Ẹ̀yà òdòdó èèrù tilẹ̀ jẹ́ mẹ́ta-mẹ́ta bí ti aláwẹ́-kan. Òṣíbàtà orí omi ni ó yani lẹ́nu jù. Ìran tirẹ̀ ti yà kí ti ẹ̀wà àti ti àgbàdo tó pínyà. Nítorí náà, bí òṣíbàtà tilẹ̀ ní awẹ́ méjì, ẹ̀wà bá àgbàdo tan ju bí ó ti bá òṣíbàtà tan lọ.

Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ni pé ọ̀nà méjì péré ni ewéko olódòdó pín sí kò purọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni ó sọ. Ọmọlúwàbí ni à ń sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀ fún. Akẹ́kọ̀ọ́ ń fẹ́ odindi. Kí olùkọ́ kó ẹ̀wà, àgbàdo, ewé iṣu àti obì àbàtà wọ kíláàsì. Kí àwọn ọmọ ka awẹ́, kí wọ́n wo iṣan ewé, kí wọ́n sì wá òdòdó wò kí wọ́n tó dájọ́. Ìgbà náà ni wọn yóò mọ̀ pé ìrísí lè jọra kí ìran má jọra.