Bí Alùpùpù Àtijọ́ Bá Ń Pàdánù Agbára

Àwọn alùpùpù àtijọ́, irú Honda C70 àti Suzuki A100, ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tí ó fẹ́ràn wọn. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò bá lè sáré mọ́, tàbí tí ó ń kú lójú ọ̀nà, ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ẹni tí ó ni ín ni pé ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́. A ó ra pístìn àti ríǹgì tuntun, owó a lọ, àìsàn náà kò sì ní kúrò. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ohun tí ń gba agbára alùpùpù pọ̀, èyí tí kò náni lówó ni ó sì yẹ kí a kọ́kọ́ wò.

Ní Lekki àti Ajah, ọ̀sà wà ní àríwá, Òkun Àtìláńtíìkì sì wà ní gúúsù. Afẹ́fẹ́ òkun a máa gbé iyọ̀ àti ọ̀rinrin wá, èyí tí ń mú irin dípẹtà kíákíá. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022 ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti fi òfin de ọ̀kadà tí ń kó èrò ní Etí-Ọ̀sà. Nítorí náà alùpùpù lè dúró pẹ́ láìrìn. Bí epo bẹntiróòlù bá pẹ́ nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, yóò lẹ̀ bí oje igi, yóò sì dí ihò kékeré inú kabúrétọ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, kí a yọ jíà, kí a gbé táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, kí a sì fi ọwọ́ yí i. Bí kò bá yí dáadáa, bíréèkì tàbí ṣéènì ni ó ń fà á sẹ́yìn.

Lẹ́yìn èyí, kí a wo epo. Ihò kékeré kan wà lára ìdérí táńkì tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Bí ó bá dí, ọkọ̀ yóò rìn díẹ̀, yóò sì kú. Bí a bá tú ìdérí náà díẹ̀ tí ọkọ̀ sì tún jí, a ti rí àìsàn náà. Kí a fọ asẹ́ epo àti asẹ́ afẹ́fẹ́ pẹ̀lú.

Ẹ̀kẹta ni iná. Kí a tú púlọ́ọ̀gì wò. Bí ẹnu rẹ̀ bá pupa rúsúrúsú, ó dára. Bí ó bá dúdú, epo ti pọ̀ jù tàbí afẹ́fẹ́ kò tó. Bí ó bá funfun, epo kò tó, ooru sì lè lu pístìn. Àlàfo ẹnu púlọ́ọ̀gì C70 jẹ́ mìlímítà 0.6 sí 0.7, ti kọ́ńtáàtì rẹ̀ jẹ́ 0.3 sí 0.4. Iyọ̀ òkun lè ba kọ́ńtáàtì yìí jẹ́. Ní ti Suzuki A100 tí ọ́ìlì ń jó pẹ̀lú epo rẹ̀, kí a yẹ sàláńsà wò, nítorí èédú a máa dí i.

Ìkẹyìn ni ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Kí a da ọ́ìlì ṣíbí kékeré kan sí ojú ihò púlọ́ọ̀gì C70, kí a dá púlọ́ọ̀gì padà, kí a sì tẹ kíìkì. Bí ó bá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ríǹgì ti jẹ. Bí kò bá yí padà, fáàfù ni kí a fura sí.

A rọ gbogbo ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ yìí pé kí ó ṣe é ní ìta gbangba, jìnnà sí iná àti sìgá, nítorí èéfín ẹ́ńjìnnì nínú yàrá títì a máa pa ènìyàn.