Ìlà Méjì Lórí Ike Àyẹ̀wò: Ṣé Ibà Ṣì Wà Lára Ọmọ?

Ìyá kan ní Biétry, ládùúgbò Marcory, pè wá. Ọmọ rẹ̀ ti lo oògùn palu tán láti bí ọjọ́ 10, ara rẹ̀ ti yá, ó ti padà sílé ìwé. Ìyá àgbà ló ní kí wọ́n tún yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ni ìlà méjì bá tún yọ. Ṣé ayédèrú oògùn ni wọ́n tà fún wọn ni?

Ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ike yẹn kì í wá kòkòrò ibà fúnra rẹ̀, ohun tí kòkòrò náà tú sínú ẹ̀jẹ̀ ló ń wá. Àwọn sójà ara ni wọ́n fi ń dọdẹ rẹ̀, ìyẹn èròjà tí ara máa ń ṣe láti di ọ̀tá mú, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì mọ ọ̀tá tirẹ̀. Lọ́dún 1975 ni Georges Köhler àti César Milstein, ní Cambridge, rí ọ̀nà láti máa ṣe irú sójà kan ṣoṣo lọ́pọ̀ yanturu láti ara eku. Irú wọn ló wà lórí ike náà. Tí wọ́n bá rí ohun tí wọ́n ń wá, ìlà kejì á yọ.

Ohun méjì ni wọ́n sábà máa ń wá. HRP2 ni àkọ́kọ́. Kòkòrò lè ti kú tán kí HRP2 ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí òórùn ẹja nínú ìkòkò tí a ti fọ̀. Èkejì ni pLDH. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wa ni kòkòrò ibà ń jẹ, pLDH sì wà lára ohun tó fi ń sọ ṣúgà náà di agbára. Bí kòkòrò bá ti kú, kì í pẹ́ kí pLDH tó pòórá.

Ó tún ku ọ̀kan. Lọ́dún 2010, àwọn onímọ̀ ròyìn kòkòrò ibà ní Peru tí kò ní HRP2 rárá. Wọ́n tún rí irú rẹ̀ ní Eritrea lẹ́yìn náà. Ike tó ń wá HRP2 nìkan lè fojú fo irú wọn, kó ní ọmọ tí ibà ń pa kò ní nǹkan kan. Kò rọrùn fún kòkòrò láti ju pLDH nù ní tirẹ̀, nítorí oúnjẹ ni. Àmọ́ bí kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ bá kéré, ike pLDH sábà máa ń tètè pàdánù wọn ju ti HRP2 lọ.

(Èdè wa náà dá kún un: “ibà” là ń pe gbogbo ara gbígbóná, palu ni o, kì í ṣe palu ni o.)

A ní kí ìyá náà wo ara páálí. HRP2 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ilé ìwòsàn fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, wọn kò rí kòkòrò kankan. Ìyá àgbà ní kò burú, ṣùgbọ́n àgbo tí òun ti sè kò gbọdọ̀ ṣòfò.