Ẹ má tú ètò kọ̀ǹpútà yín palẹ̀, ẹ ní kí wọ́n wé tuntun mọ́ ọn

Ní ọjọ́ kìíní, oṣù kejì, ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ gbé owó-orí ọjà tí wọ́n ń pè ní VAT kúrò ní ìdá 5 nínú 100, ó di ìdá 7.5. Ẹni tó ń fọwọ́ kọ rìsíìtì kò ní wàhálà púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà tajà ní láti pe ẹni tó bá a kọ ètò tó wà nínú rẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì ṣe pàtàkì lọ́jọ́ náà: ibi mélòó ni wọ́n kọ 5 yẹn sí?

Ká ní ilé ìtajà kan ń tajà lórí káńtà, ó ń tà lórí fóònù, ó sì ń ta fáwọn tó ń ra ọjà lọ́pọ̀. Bó bá jẹ́ pé wọ́n kọ ìṣirò VAT sínú ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ibi mẹ́ta ni wọ́n máa tún ṣe. Tí wọ́n bá wá gbàgbé ọ̀kan ńkọ́? Lórí ọjà ₦20,000, VAT àtijọ́ jẹ́ ₦1,000, tuntun jẹ́ ₦1,500. ₦500 ti sọnù nìyẹn. Ẹni tó bá ta irú rẹ̀ mẹ́wàá lóòjọ́ fún ọjọ́ 26, ₦130,000 ló ti wọ gbèsè lóṣù kan. Àpò ọlọ́jà ni owó náà yóò sì ti jáde.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú ní ọgbọ́n tí wọ́n ń dá sí i. Nínú ètò kọ̀ǹpútà òde òní, wọ́n máa ń pín nǹkan sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: oníbàárà dá dúró, ọjà dá dúró, àkáǹtì dá dúró, kálukú sì ní iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yìí ni wọ́n ń pè ní method. Dípò kí wọ́n tú method tó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa palẹ̀, wọ́n á wé òmíràn mọ́ ọn lára. Bí ẹnikẹ́ni bá pe ti inú, ti ìta ló máa kọ́kọ́ jẹ́ ẹ. Á ṣe tirẹ̀, á ní kí ti inú ṣe iṣẹ́ rẹ̀, á gba èsì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tún lè fi nǹkan kún un kó tó fi èsì náà ránṣẹ́.

Ẹ wo ilé ìtajà ńlá tí ẹnì kan ti ń yẹ rìsíìtì wò lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí ọ̀gá gba ẹni yẹn síṣẹ́, kò sí ohun tó yí padà nínú iṣẹ́ ẹni tó ń gbowó. Bí wọ́n bá dá a dúró lọ́la, iṣẹ́ ẹni tó ń gbowó kò ní yí padà náà.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Lọ́dún 1994, Erich Gamma, Richard Helm, Ralph Johnson àti John Vlissides ṣàlàyé irú rẹ̀ kan nínú ìwé wọn, Design Patterns, wọ́n pè é ní Decorator. Lọ́dún 1997, Gregor Kiczales àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nílé ìwádìí Xerox ní Palo Alto, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ṣàlàyé bí wọ́n ṣe lè wé nǹkan kan ṣoṣo mọ́ ọ̀pọ̀ method lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí Python 2.4 jáde lọ́dún 2004, kò ju kí èèyàn kọ àmì @ àti orúkọ ohun tó fẹ́ wé sókè method lọ.

Ṣùgbọ́n ó ní ibi tó ti léwu. Àkọ́kọ́ ni èyí tó wà nínú àti èyí tó wà níta. Ká ní ẹ fẹ́ yọ ₦2,000 fún oníbàárà lórí ọjà ₦20,000 yẹn. Bí ẹ̀dínwó bá wà nínú tí VAT wà níta, ₦19,350 ni oníbàárà máa san. Bí VAT bá wà nínú tí ẹ̀dínwó wà níta, ó di ₦19,500. Akáǹtáǹtì yín ló yẹ kó sọ èyí tó tọ́, kì í ṣe ẹni tó ń kọ ètò.

Èkejì, àwọn kan máa ń wé ohun tó ń tún iṣẹ́ ṣe mọ́ method tó ń gbowó: bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá já, kó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá jẹ́ pé owó ti kúrò lákáǹtì, tó jẹ́ pé èsì nìkan ni kò dé, ẹ̀ẹ̀mejì ni oníbàárà máa san. Àfi kí owó sísan kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí báńkì lè mọ̀ pé ọ̀kan náà ni.

Ẹ̀kẹta, bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Tí wọ́n bá wé mẹ́fà, méje léra wọn láìkọ ọ́ sílẹ̀, ẹni tó bá wá tún un ṣe lọ́la kò ní mọ ibi tí àṣìṣe ti wá.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó iṣẹ́, ẹ bi ẹni tó ń bá yín kọ ètò ní ìbéèrè mẹ́ta. Ibi mélòó ni VAT wà? Èwo ló wà nínú, èwo ló wà níta? Bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá já, ẹ̀ẹ̀melòó ni owó máa kúrò? Bí kò bá lè dáhùn, ẹ má tíì sanwó.