Igi Ọ̀rọ̀: Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Tọ́jú Ọ̀rọ̀ Yorùbá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọjà kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí kò bá mu, òun sì ni inú kọ̀ǹpútà tí a ń kó ọ̀rọ̀ pamọ́ sí. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ní ọ̀nà méjì níbẹ̀, ẹni tí ó gba ọ̀nà kejì kò ní bá ohun tí ó ń wá. Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan. A pín ọ̀rọ̀ tí a kó jọ láàrin ara wa, oníkálukú sì tẹ tirẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo wá "ọkọ́" nínú èyí tí òun tẹ̀, ẹ̀rọ ní kò sí, bẹ́ẹ̀ ni mo ń fi ojú mi méjèèjì wò ó. Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí ó yá jù láti tọ́jú ọ̀rọ̀ ni kí á tò ó bí igi. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ni ẹ̀ka tí ó yọ láti ìdí igi, lẹ́tà kejì yọ lára ẹ̀ka yẹn, títí ọ̀rọ̀ yóò fi parí. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ìbẹ̀rẹ̀ wọn dọ́gba yóò jọ lo ẹ̀ka kan náà. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni oríta wọn. Àǹfààní rẹ̀ ni pé gígùn ọ̀rọ̀ ni ó ń pinnu iye ìṣísẹ̀ tí a ó gbé, kì í ṣe iye ọ̀rọ̀ tí ó wà lórí igi. Edward Fredkin ni ó sọ irú igi yìí ní "trie" ní ọdún 1960. Inú "retrieval", ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún mímú ohun tí a tọ́jú jáde, ni ó ti fa orúkọ náà yọ.

Ṣùgbọ́n igi yìí a máa jẹ àyè. Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà mọ̀, kò mọ lẹ́tà. Ẹyọ tí ó fi ń kó nọ́ńbà pamọ́ ni báìtì, oríṣi 256 ni báìtì kan sì lè jẹ́. Bí a bá ṣí àyè ẹ̀ka 256 sílẹ̀ ní oríta kan, tí àyè kọ̀ọ̀kan gba báìtì 8, oríta náà ti jẹ báìtì 2,048, bí ẹ̀ka kan péré tilẹ̀ ni ó yọ níbẹ̀. Ọgbọ́n méjì ni àwọn onímọ̀ dá sí i. Èkíní, ibi tí ẹ̀ka kò bá ti pín, wọn a fò ó kọjá ní ìṣísẹ̀ kan. Donald Morrison lo irú ọgbọ́n yìí nínú iṣẹ́ tí ó gbé jáde ní 1968, tí ó pè ní PATRICIA. Èkejì, wọn a fún oríta ní àyè tí ó bá iye ẹ̀ka rẹ̀ mu. Ní 2013, Viktor Leis, Alfons Kemper àti Thomas Neumann ní ìlú Munich, ní Jámánì, gbé igi kan kalẹ̀ tí oríta rẹ̀ ní ìwọ̀n mẹ́rin: 4, 16, 48 àti 256. Bí ẹ̀ka bá pọ̀ sí i, oríta a dàgbà. Bí ó bá dín kù, a súnkì.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ọkọ́ tí mo wá tì. Nínú Unicode, ètò ìkọ̀wé tí kọ̀ǹpútà òde òní ń lò, "ọ" ní nọ́ńbà tirẹ̀, "ó" náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n "ọ́" kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ńṣe ni a ń tò ó pọ̀. Ẹnì kan lè fi "ọ" ṣáájú, kí ó fi àmì ohùn tẹ̀ lé e. Ẹlòmíràn lè fi "ó" ṣáájú, kí ó fi àmì abẹ́ lẹ́tà tẹ̀ lé e. Ẹnì kẹta lè bẹ̀rẹ̀ láti "o" lásán, kí ó wá fi àmì méjèèjì sí i. Lójú wa, ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lójú igi, ọ̀nà mẹ́ta ni, láti báìtì àkọ́kọ́ ni wọ́n sì ti pínyà. Ohun tí ó gbé ọkọ́ pamọ́ fún mi nìyí.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń ṣe àkójọ ètò fún títọ́jú ọ̀rọ̀ Yorùbá, tí àwọn mìíràn yóò máa yá lò, gbọ́dọ̀ sọ ọ̀nà di ọ̀kan kí ọ̀rọ̀ tó dé ìdí igi. Unicode ní ìlànà fún èyí, tí a ń pè ní NFC: yóò sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di "ọ" tí àmì ohùn tẹ̀ lé. A ó ṣe é fún ọ̀rọ̀ tí a ń tọ́jú, a ó sì ṣe é fún èyí tí a ń wá. Síbẹ̀, ní ìlànà UTF-8, báìtì 9 ni ọkọ́ yóò jẹ́, nígbà tí ó jẹ́ pé lẹ́tà mẹ́ta péré ni ojú wa rí. Títò rẹ̀ náà kò sì tọ́, nítorí nọ́ńbà "ẹ" ga ju ti "y" lọ: ẹyẹ yóò wà lẹ́yìn yàrá.

Ní tèmi, àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ni ó yẹ kí á sọ ohun tí ìṣísẹ̀ kan jẹ́. Fáwẹ́lì àìránmúpè wa jẹ́ 7, ohùn jẹ́ 3. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 21. Kọ́ńsónáǹtì jẹ́ 18. Bí a bá fi m àti n tí ó gba àmì ohùn òkè tàbí ti ìsàlẹ̀ kún un, tí í ṣe 4, gbogbo rẹ̀ di 43. Nítorí pé ilé wà nínú iléyá, a nílò àmì òpin ọ̀rọ̀ kan, ó di 44. Oríta tí ó tóbi jù yóò wọ inú ìwọ̀n 48. Bí a bá fún wọn ní nọ́ńbà gẹ́gẹ́ bí álífábẹ́ẹ̀tì wa ṣe tò wọ́n, ọkọ́ di ìṣísẹ̀ 3 dípò 9, ẹyẹ a sì padà sí ààyè rẹ̀. Gb yóò jẹ́ ẹyọ kan lẹ́yìn g, kò sì ní ṣini lọ́nà, nítorí èdè wa kò gba ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì. Orúkọ tí ó bá ní lẹ́tà òkèèrè bí c tàbí z, kí á fi í sórí igi báìtì. Ẹni tí kò bá sì fi àmì sí i rárá, tí ó tẹ "oko", igi lè tọ gbogbo ẹ̀ka o àti ọ fún un, kí ó kó oko, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ wá síwájú rẹ̀ láti yàn.

Ẹni tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà lè mú kí igi yá. Àwa tí a mọ èdè ni a ó sọ ibi tí ẹ̀ka ti yẹ kí ó pín. Bí a kò bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ wa yóò wà lórí àtẹ, oníbàárà yóò sì máa kọjá lára rẹ̀ láìrí i. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní ọjà yìí, ẹ jẹ́ kí á fi ẹnu kò sí ọ̀nà kan.