Nígbà Tí Ara Ọmọ Bá Tutù: Fún Ìyá Tó Ń Kó Ọmọ Lọ sí Vietnam

 

Ẹlòmíì á bi mí pé kí ló pa wá pọ̀ mọ́ Vietnam. Kajú ni. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣòwò kajú ilẹ̀ wa ti ń bá wọn ná ọjà, ó sì lè jẹ́ pé ọkọ yín tàbí ẹ̀gbọ́n yín wà lọ́hùn-ún tó ń sọ lórí fóònù pé, "Tí àwọn ọmọ bá ti gba vakáǹsì, kó wọn wá, ẹ wá lo oṣù méjì lọ́dọ̀ mi." Tí wọ́n bá pè yín bẹ́ẹ̀, ẹ ka èyí kí ẹ tó di ẹrù. Ẹni tí wọn ò pè náà, kó má tíì ṣí ìwé kọjá, torí ẹ̀fọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà níbí pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ ká mú ìlú Hội An. Ìlú àtijọ́ ni, etí odò Thu Bồn ló wà, kò sì jìnnà sí òkun. Ògiri ilé wọn pọ́n bí ìyeyè, wọ́n á gbé fìtílà aláràbarà kọ́ sí ojú pópó, UNESCO sì ti kà á mọ́ àwọn ibi tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú láti ọdún 1999. Ọmọdé á gbádùn ibẹ̀. Oúnjẹ ò ní fa wàhálà púpọ̀: ìrẹsì láàárọ̀, ìrẹsì lálẹ́, búrẹ́dì tí àwọn Faransé fi sílẹ̀ fún wọn bí wọ́n ṣe fi sílẹ̀ fún wa náà wà. Tí ọmọ ò bá lè jẹun, ẹ ra cháo fún un, ìrẹsì tí wọ́n sè títí tó fi rọ̀ bí ògì. Omi ẹja tí wọ́n ń fi sí oúnjẹ ń rùn, ṣùgbọ́n ṣé irú tiwa kì í rùn ni? Wákàtí 6 ni wọ́n fi ṣíwájú wa. Tí aago 6 ìrọ̀lẹ́ bá lù ní Kétu, aago 12 òru ló lù lọ́hùn-ún. Ọmọ á jí lóru, á ní òun fẹ́ ṣeré. Ẹ máa gbé e síta kí oòrùn àárọ̀ rí i, á bọ̀ sípò láàrin ọjọ́ mélòó kan.

Ọ̀rọ̀ ibà ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí dáadáa.

Ẹ ṣọ́ra fún ibà tí ẹ̀yin fúnra yín gbé láti ilé lọ. Ẹ̀fọn tó jẹ ọmọ ní Ṣabẹ lọ́jọ́ tí ẹ ń di ẹrù, palù rẹ̀ lè má yọ títí ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà míì kó tó oṣù kan. Ọmọ á ti wà ní Hội An kí ara rẹ̀ tó gbóná. Palù ò sì wọ́pọ̀ ní irú ìlú bẹ́ẹ̀. Dókítà ibẹ̀ lè má rò ó rárá. Ẹ̀yin lẹ ó rán an létí. Kí ẹ tó sọ ohunkóhun míì, ẹ sọ pé: "Benin la ti wá, palù wà lọ́dọ̀ wa, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí wò." Ẹ ní kí ẹni tó gbọ́ èdè wọn kọ ọ́ sí ìwé fún yín lọ́jọ́ tí ẹ dé. Palù ọmọdé kì í dúró de ọ̀la.

Ibà kejì, ibẹ̀ lẹ máa bá a. Dengue ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀fọn dúdú kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní àmì funfun ló ń gbé e kiri. Ẹ̀fọn yìí ò dúró de alẹ́. Ojúmọmọ ló ń jẹ èèyàn, pàápàá láàárọ̀ àti kí oòrùn tó wọ̀. Nítorí náà, àwọ̀n tí ẹ ta lálẹ́ nìkan ò tó. Ẹ ta á fún ọmọ tó bá ń sùn lọ́sàn-án, ẹ wọ aṣọ alápá gígùn fún wọn, ẹ fi ìpara tó ń lé ẹ̀fọn pa wọ́n lára. Inú omi tó dúró sójú kan ló ń yé sí: ìkòkò òdòdó, garawa, táyà. Ẹ máa da omi bẹ́ẹ̀ nù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ nílé tí ẹ gbà.

Tó bá mú ọmọ, ara rẹ̀ á gbóná lójijì. Orí á máa fọ́ ọ, ẹ̀yìn ojú á máa dùn ún, egungun á máa ro ó. Èyí tí ò tíì lè sọ̀rọ̀ á kàn máa sunkún ṣáá. Ọwọ́ ìyá á yá sí oògùn palù tó wà nínú báàgì, ṣùgbọ́n kò ní ṣe nǹkan kan fún dengue. Kò sí oògùn tó ń pa á. Omi mímu, ìsinmi àti ìṣọ́ ni ìtọ́jú rẹ̀. Tí ara bá gbóná jù, paracetamol nìkan, kó bá ìwọ̀n ọmọ mu. Ẹ má fún un ní ibuprofen, ẹ má fún un ní aspirin, torí àwọn yẹn lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa ya. Àwọn oògùn orí igbá tí à ń rà lọ́jà láìmọ orúkọ wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wọ́n sílé.

Ibi tó ti ń tan ìyá jẹ nìyí. Lọ́jọ́ kẹta, ìkẹrin, nígbà míì títí di ìkeje, ara ọmọ á tutù. Ẹ ó ní ọpẹ́ ni, ibà ti lọ, ẹ ó ti máa wá aṣọ tí ọmọ máa wọ̀ lọ sétí òkun. Ẹ dúró ná! Ọjọ́ kan sí méjì tí ara tutù yẹn gan-an ni ewu dengue wà. Omi inú ẹ̀jẹ̀ lè máa jò kúrò nínú iṣan, kí ọmọ sì dákú mọ́ yín lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń kọjá rẹ̀ láìsí wàhálà, àmọ́ ẹ jókòó tì í. Ṣé inú ń run ún gan-an? Ṣé ó ń bì léraléra? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ń yọ ní èrìgì tàbí nímú, àbí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí èédú? Ṣé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù rinrin? Ṣé ó ń sùn jù, àbí kò rójú rárá? Ṣé ó ti tó wákàtí 6 tí ò tọ̀? Ọ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ti tó. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lóru náà, bàbá rẹ̀ á gbọ́ tó bá yá. Đà Nẵng tó jẹ́ ìlú ńlá ò jìnnà síbẹ̀ ju nǹkan bíi kìlómítà 30 lọ. Kí ó má bàa di pé ẹ ń dúró de bàbá ọmọ, ẹ gba owó ọsibítù lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kó wà nídìí yín. Mi ò fi èyí ṣeré o.

Àwọn yòókù, ẹ ti mọ̀ wọ́n. Ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ẹ má gbàgbé rẹ̀ fún ọmọ tó ti pé oṣù 9. Omi ẹ̀rọ, ẹ sè é tàbí kí ẹ ra ti ìgò. Ẹ má tún lọ fi yìnyín ojú pópó sí i. Tí ọmọ bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru, sáṣẹ́ SRO kan nínú omi lítà 1, díẹ̀díẹ̀, kí ọmú má sì dúró. Alùpùpù kún ibẹ̀ bíi ti zémì Kútọnù, òfin akoto sì ti délé dóko láti òpin ọdún 2007: ẹ wá èyí tó bá orí ọmọ mu. Tí ajá bá bu ọmọ jẹ, bó ti wù kó kéré tó, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15, kó sì gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà. Létí òkun, kí ọwọ́ yín lè tó ọmọ nígbà gbogbo. Odò Thu Bồn máa ń kún wọ ìlú ní oṣù kẹwàá àti ìkọkànlá, ẹ má jẹ́ kó bá yín níbẹ̀.

Tí ẹ bá padà dé, tí ara ọmọ sì gbóná kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé Vietnam lẹ ti ń bọ̀. Kó yẹ palù wò, torí ẹ̀fọn ilé náà ti tún rí ọmọ jẹ. Tí ò bá rí palù, ẹ dárúkọ dengue fún un, kí ẹ sì ka ọjọ́ bí mo ṣe sọ. Ẹ̀yin tí ẹ ò lọ ibì kankan ńkọ́? Wọ́n ti rí dengue ní Benin níbí náà. Táyà tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù yín yẹn, ẹ da omi inú rẹ̀ nù lónìí.