Bẹ́ẹ̀dì Ńkọ́? Bí A Ṣe Ń Múra Ìrìn-Àjò Àgọ́ sí Etíkun Wales Pẹ̀lú Màmá Àgbà

"Ilé wo ló jó tí ẹ fi fẹ́ lọ sùn nínú àgọ́?"

Ohun tí màmá mi sọ nìyẹn ní ọdún tó kọjá, nígbà tí mo sọ fún un pé a fẹ́ wa mọ́tò lọ sí etíkun Wales, ká sì máa pàgọ́ láti ibì kan dé ibòmíì. Màmá mi wọ Lọ́ńdọ̀nù ní 1986. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣiṣẹ́ alẹ́ kí àwa ọmọ lè sùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Ní ojú tiẹ̀, kí èèyàn sanwó kó tún lọ sùn sílẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ìgbádùn rárá. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òbí tó ń ka èyí ló ní irú màmá yìí.

A lọ láìsí i. Èmi, ìyàwó mi, ọmọbìnrin wa tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà, àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún márùn-ún. Bí a ṣe kọjá afárá ńlá orí odò Severn báyìí, gbogbo àmì ojú ọ̀nà di èdè méjì. Ní abúlé kan, wọ́n kọ ARAF gàdàgbà sójú títì. Ọmọ mi kà á sókè. Mo ní, "Èdè Wales nìyẹn. Ó ní ká rọra." Ó ronú díẹ̀, ó wá fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí pé ibo ni wọ́n kọ tiwa sí.

Mi ò rí èsì fún un. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, Yorùbá ni àwọn òbí mi fi ń sọ ọ̀rọ̀ àṣírí. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń bá àwa ọmọ sọ. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ fúnra mi.

Nígbà tí a dé ilé, mo lọ wò ó. Nínú ìkànìyàn 2021, èèyàn 538,300 ló ní àwọn gbọ́ èdè náà sọ ní Wales, ìyẹn 17.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwa Yorùbá pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n wọ́n fún èdè tiwọn níṣẹ́: ó ń darí ọkọ̀, ó ń júwe tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ó ń kìlọ̀ ewu òkun. Nílé tèmi, Yorùbá ò níṣẹ́ kankan ju ẹ̀kọ́ ọjọ́ Sátidé lọ.

Nítorí náà, ètò ti ọdún yìí yàtọ̀. Màmá sì ń bọ̀. Èmi kọ́ ni mo bẹ̀ ẹ́ o. Ọmọbìnrin mi ló pè é lórí fóònù, ó ní, "Grandma, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa lọ." Yorùbá ló fi sọ ọ́. Màmá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Bẹ́ẹ̀dì ńkọ́?"

Ọ̀nà tí a máa gbà

Láti Lọ́ńdọ̀nù, M4 ló máa gbé wa dé Swansea, nǹkan bí 190 máìlì. Láti oṣù Kejìlá 2018, wọn kì í gbowó lórí afárá Severn mọ́. A ó sun ọjọ́ méjì ní Gower, méjì nítòsí Tenby, méjì ní St Davids, tó jẹ́ ìlú tó kéré jù nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní city ní Britain. Lẹ́yìn náà, a ó gba A487 lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun dé Aberystwyth, nǹkan bí 70 máìlì, ká tó padà sílé. Yàtọ̀ sí ọjọ́ àkọ́kọ́ àti ọjọ́ ìkẹyìn, ìrìn ọjọ́ kan ò ní ju ìyẹn lọ. Ọmọdé àti orúnkún àgbà ò fẹ́ jókòó pẹ́. Ẹ rántí pé láti oṣù Kẹsàn-án 2023, 20 máìlì ní wákàtí ni eré tí òfin gbà ní ọ̀pọ̀ títì àárín ìlú ní Wales. ARAF!

Ẹ tètè gba àyè. Tí ilé ìwé bá ti wà ní ìsinmi, ibùdó tó súnmọ́ òkun máa ń kún. Ọ̀pọ̀ wọn ní ilé pákó kékeré tó ní ilẹ̀kùn gidi. Ibẹ̀ ni Màmá máa sùn, nítòsí tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Àgọ́ wa á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Òkun àti iná

Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ní Rhossili, ní Gower, erékùṣù olókùúta kan wà tí wọ́n ń pè ní Worm's Head. Nǹkan bíi wákàtí méjì ààbọ̀ ṣáájú kí omi tó fà tán àti wákàtí méjì ààbọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ nìkan ni èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, omi á bo ọ̀nà mọ́ ẹ lẹ́yìn. Àwa ò ní kọjá, orí òkè la ti máa wò ó. Àárín àsíá pupa-àti-yẹ́lò nìkan ni àwọn ọmọ ti máa lúwẹ̀ẹ́. Tí ewu bá dé, ẹ pe 999, kí ẹ béèrè fún Coastguard.

Ẹ má gbé sítóòfù tàbí ààrò eédú wọnú àgọ́ láé, kódà tí ẹ bá rò pé ó ti kú. Èéfín burúkú tó ń jáde lára rẹ̀ ò lóòórùn, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun.

Ní ti oúnjẹ, ta ló tún fẹ́ ohun tó rọrùn ju gaàrí àti kúlíkúlì lọ? Màmá ti ní òun máa dín ata òun fúnra òun, kó wà nínú kúlà.

Iṣẹ́ tí a fún Yorùbá

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, nítorí náà mo kọ́kọ́ ṣe spreadsheet rẹpẹtẹ. Ìyàwó mi wò ó, ó ní, "Ta ló máa ka èyí nínú òjò?" Ló bá lọ ra àpótí ike márùn-ún. Àwọn ọmọ ló kọ orúkọ sí wọn lára: ÌDÁNÁ, OORUN, ÒJÒ, ÒKUN, ÌTỌ́JÚ. Kò sí Gẹ̀ẹ́sì lára wọn. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ nǹkan, orúkọ àpótí ló máa fi béèrè. Màmá ló ń ṣe àtúnṣe àmì ohùn, tèmi gan-an pẹ̀lú.

Ní Sátidé tó kọjá, a gbìyànjú àgọ́ náà wò ní ẹ̀yìnkùlé. A ò tíì so okùn tán tí òjò fi dé. Màmá wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó pariwo, "Ẹ gbé ti òjò wá!" Ọmọkùnrin mi sáré débi àwọn àpótí. Ó dúró, ó ń fi ìka tọ lẹ́tà, òjò sì ń pa á. Lẹ́yìn náà ló wọ́ àpótí kan bọ̀. ÒJÒ ni.

Màmá ò yìn ín. Ó kàn nawọ́ sí báàgì rẹ̀ tó wà ní igun, ó ní, "Ó yá, ìwọ ọmọ yìí, wá bá mi kọ orúkọ sí tèmi náà."