Kí ẹ tó gba nọ́ḿbà ìgbóná tí laptop kọ gbọ́

Ohùn kìíní

  Ọ̀rọ̀ laptop tòkunbọ̀ náà ni mo tún gbé wá. Láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, èèyàn mẹ́rin ló fi fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí mi, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn sì ń béèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ó kọ 127 o, ṣé kò ní jóná?" Kọ́sítọ́mà ọ̀kan nínú wọn ti gbé ọjà padà wá, ó ní kí wọ́n dá owó òun padà. Ẹnjiníà ti sọ fún ẹlòmíràn pé kó lọ wá owó board. Nítorí nọ́ḿbà kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ n sọ ibi tí nọ́ḿbà yẹn ti ń wá, kí owó yín má baà máa lọ lásán, kí ẹ sì mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ̀rù bà yín lóòótọ́.

Àwọn software tí à ń lò, HWMonitor, HWiNFO, Core Temp, àwọn kọ́ ló ń wọn ìgbóná o. Kíkà ni wọ́n ń kà. Ohun tó ń mọ ìgbóná, tí à ń pè ní sẹ́ńsọ̀, inú processor gan-an ló wà. Òmíràn wà lórí board, òmíràn wà nínú bátìrì àti hard disk. Ti Intel, sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ò tiẹ̀ ní sọ pé "mo gbóná tó báyìí." Ohun tó máa ń sọ ni pé "ó ku báyìí kí n dé òpin mi." Tí òpin rẹ̀ bá jẹ́ 100, tó ní ó ku 40, software á yọ 40 kúrò nínú 100, á kọ 60 síwájú yín. Ṣé ẹ rí i? Tí software bá ti pẹ́, tí kò mọ irú processor yẹn, tó lọ fi 85 ṣe òpin, 45 ló máa kọ. Laptop kan náà, ìgbóná kan náà, nọ́ḿbà méjì. Core Temp máa ń kọ òpin tó lò sójú rẹ̀, ó pè é ní Tj. Max, ẹ máa wo ibẹ̀. Ẹ sì máa lo software tuntun, kì í ṣe èyí tó ti wà nínú flash láti ọdún gbọ́nhan.

Ó yá, 127 ńkọ́? Chip tó ń gba ọ̀rọ̀ àwọn sẹ́ńsọ̀ lórí board ní ẹnu púpọ̀. Ilé iṣẹ́ tó ṣe board lè má so nǹkan kan mọ́ àwọn kan lára ẹnu yẹn. Software kò mọ̀, ó kàn ń ka gbogbo wọn lọ. Ó dà bí ìgbà téèyàn bá lọ ń ka mítà iná nínú ilé tí wọn ò tíì fa wáyà dé. Ẹnu tó ṣófo yẹn ló máa ń kọ 127, tàbí -128, ìgbà míì 255. Wọn kì í ṣe ìgbóná rárá. 127 ni nọ́ḿbà tó ga jù tí àyè kékeré yẹn lè gbà, -128 ló kéré jù níbẹ̀. Orúkọ tí HWMonitor máa ń fún irú wọn ni TMPIN pẹ̀lú nọ́ḿbà lẹ́yìn, orí desktop lẹ sì ti máa rí i jù.

Bí ẹ ṣe máa dá a mọ̀ kò le. Ẹ ṣí fídíò méjì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ máa wò ó. Ìgbóná tòótọ́ máa ń gòkè, ó máa ń sọ̀kalẹ̀. Èyí tó bá dúró gbọingbọin bí ère, tí kò yẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ẹ fojú fo ìyẹn dá. Òdì kejì rẹ̀ náà wà. Tí ṣọ́ọ̀bù yín bá gbóná tó dígírì 38, bí ó ṣe máa ń rí ní Kano níbí lóṣù kẹrin, tí software wá ń sọ pé processor wà ní 20, irọ́ ni. Afẹ́fẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù náà ni fáànù ń fẹ́ sí i. Fáànù kì í ṣe fíríìjì. Ẹ sì mọ̀ pé sẹ́ńsọ̀ Intel máa ń ṣe déédéé jù nígbà tó bá ti ń sún mọ́ òpin. Nígbà tó bá tutù, ó lè ṣì í díẹ̀.

Ohùn kejì

Ẹ má bínú, ọlọ́jà kan ló wá pè mí. Ibo ni mo dé? Ẹ̀n-ẹ̀n, ìgbóná tòótọ́.

Laptop tó jókòó lásán, 45 sí 60 kò burú, pàápàá nínú ooru tiwa. Tó bá ń ṣiṣẹ́ gidi, ó lè dé 80 tàbí kó kọjá díẹ̀, kò tíì di ìjà. Ìgbà tó bá lọ dúró sí 95 sí 100 ni kẹ́ ẹ mójú tó o. Tó bá ti dé òpin rẹ̀, processor máa ń dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ kó má baà bàjẹ́. Tó bá tún kọjá ìyẹn, ó máa kú fíìn láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nínú HWiNFO, ẹ wá ìlà tí wọ́n kọ Thermal Throttling sí. Tó bá kọ Yes, ooru ti ń fà á sẹ́yìn nìyẹn. Ìlà yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, kí n tó wo nọ́ḿbà ìgbóná.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lo ọwọ́ yín. Ibi tí atẹ́gùn ti ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ laptop, ẹ gbé ọwọ́ síbẹ̀. Ibi yìí ni kẹ́ ẹ fetí sí dáadáa. Tí software bá ní 95, tí atẹ́gùn tó ń jáde bá gbóná janjan, tó sì lágbára, ooru ń jáde, iṣẹ́ tí ẹ gbé fún un ló pọ̀, tàbí ẹ gbé e lé orí tìmùtìmù. Tí fáànù bá ń pariwo ṣùgbọ́n tí atẹ́gùn ò jáde tó nǹkan, eruku ló dí i. Tí atẹ́gùn bá ń jáde dáadáa ṣùgbọ́n tó tutù, tí nọ́ḿbà ṣì wà ní 95, ooru ò kúrò lórí processor nìyẹn: thermal paste ti gbẹ, tàbí irin tó ń gbé ooru kò jókòó dáadáa. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, iṣẹ́ wọn yàtọ̀, owó wọn sì yàtọ̀. Kò sí èyí tó jẹ́ owó board níbẹ̀.

Eruku ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa. Ọyẹ́ tó ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sahara máa ń gbé eruku tó kúná bí èlùbọ́, àárín fáànù àti irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló máa ń dì sí. Tí ẹ bá fẹ́ fi blower fẹ́ ẹ, ẹ kú u, ẹ yọ bátìrì, kí ẹ fi igi ìtayín di fáànù mú kó má yí. Tí blower bá ń yí i ní àyíjù, ó lè bà á jẹ́.

Ọ̀pọ̀ laptop ni software kì í rí fáànù wọn rárá. Chip mìíràn ló ń darí fáànù, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní bó ṣe fi pamọ́. Tí ẹ kò bá rí fáànù níbẹ̀, ẹ fi etí gbọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta fáànù tuntun fún yín nítorí ìyẹn.

Mo gbọ́ pé àwọn kan máa ń ṣí software mẹ́ta papọ̀ láti fi wọn ara wọn. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Chip kan náà ni gbogbo wọn ń bi ní ìbéèrè, ìdáhùn lè dàrú mọ́ ara wọn. Ẹ ti ọ̀kan kí ẹ tó ṣí èkejì. Tí ẹ bá sì rí i pé nọ́ḿbà kan ò jáde rárá, ẹ fi Run as administrator ṣí i. Láti 2025, Defender inú Windows ti ń dí driver àtijọ́ kan tó ń jẹ́ WinRing0 lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ software bẹ́ẹ̀ ló sì ń lò ó. Ẹ má tìtorí ẹ̀ pa Defender. HWiNFO ní driver tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ lọ gbà á lójúlé àwọn tó ni ín.

Èyí tó máa ń rú àwọn èèyàn lójú jù: laptop tutù, ó wà ní 45, síbẹ̀ ó ń wọ́ bí ìgbín. Tó bá jẹ́ Dell tí ṣájà rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ tín-ín-rín láàárín ẹnu, ẹ wo abẹ́rẹ́ yẹn. Òun ló ń sọ fún laptop irú ṣájà tó wà lára rẹ̀. Tó bá ṣẹ́, laptop ò ní mọ ṣájà náà, kò ní ṣájì, á sì dín eré rẹ̀ kù. Ẹ yá ṣájà míì tí ẹ mọ̀ pé ó dáa kí ẹ fi wò ó. Sẹ́ńsọ̀ ò purọ́ níbẹ̀, kì í kàn ṣe ọ̀rọ̀ ooru ni.

Ohùn kẹta

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ rajà, ti hard disk àti bátìrì, kíákíá. CrystalDiskInfo ni kẹ́ ẹ lò fún hard disk. Ìlà 05 àti C5 ni kẹ́ ẹ wò, òdo la fẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kíkà tirẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa: tí ẹ bá rí 10 ní apá Raw Values, mẹ́rìndínlógún ni, A ló dúró fún mẹ́wàá. Ẹ lọ sí Function, Advanced Feature, Raw Values, ẹ yan 10 [DEC], á wá kọ ọ́ bí a ṣe ń kà á lọ́jà. Tó bá jẹ́ hard disk Seagate, ẹ ó rí nọ́ḿbà gbàràmù gbàràmù ní ìlà 01 àti 07. Bí wọ́n ṣe ń kọ tiwọn nìyẹn, ẹ má torí ẹ̀ da ọjà tó dáa nù.

Fún bátìrì, ẹ ṣí cmd, ẹ tẹ powercfg /batteryreport. Windows á sọ ibi tó fi ìwé náà sí. Ẹ fi FULL CHARGE CAPACITY wé DESIGN CAPACITY. Tí ti ìbẹ̀rẹ̀ bá jẹ́ 50,000, tó wá ku 30,000, ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ló kù. Ṣùgbọ́n tí laptop bá ti gbó, tí méjèèjì wá dọ́gba rẹ́gí, ẹ fura. Ẹ yọ ṣájà, ẹ ṣí fídíò, ẹ wo aago.

Tí ẹ bá ń tà, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ ya fọ́tò ojú HWiNFO níwájú kọ́sítọ́mà, kí déètì hàn níbẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí WhatsApp rẹ̀. Tó bá gbé e padà wá, ẹ tún ya òmíràn, ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ̀yin mẹ́rin tí ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́, mẹ́ta nínú yín, ẹnu tó ṣófo ni 127 yẹn. Ẹni kẹrin, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Jos, TMPIN tiyín ò ní láárí, ṣùgbọ́n processor yín wà ní 98 lábẹ́ rẹ̀, Thermal Throttling sì kọ Yes. Ìyẹn ni kẹ́ ẹ gbé lọ sọ́dọ̀ ẹnjiníà lọ́la.